Ìrẹ̀ Nínú Àwo: Bí A Ṣe Lè Fi Eré àti Àrà Mú Kí Kòkòrò Wu Ará Ilé Jẹ

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tó ń sin kòkòrò jíjẹ, àti ẹ̀yin tó ń dáná nínú ilé, ẹ̀yin la kọ ìwé yìí fún. Kòkòrò ń ṣara lóore, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀: tí ìrẹ̀ bá gbẹ tán, ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tó jẹ́ purotéènì. Nínú ìròyìn tí FAO, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, gbé jáde lọ́dún 2013, wọ́n ní àwọn ènìyàn tí kòkòrò wà nínú oúnjẹ wọn tó bílíọ̀nù 2, irú kòkòrò tí wọ́n sì ń jẹ lé ní 1,900. Síbẹ̀, gbé odindi ìrẹ̀ síwájú ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí, wàá rí i tí yóò sún àga sẹ́yìn. Kò tíì tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ ti bá a kọ̀ ọ́. Ojú yẹn la ní láti tù lójú.

Kí àrà tó bẹ̀rẹ̀

Kòkòrò tí a sìn fún jíjẹ ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí ẹ ṣà nínú oko tí wọ́n fín oògùn sí. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ fún odindi ọjọ́ kan kí inú wọn lè mọ́, kí ẹ kó wọn sí fíríìsà mọ́jú, kí ẹ ṣàn wọ́n, kí ẹ sì bọ̀ wọ́n nínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 5. Lẹ́yìn náà, ẹ yan wọ́n lórí iná díẹ̀díẹ̀, títí tí ẹ bá fi ìka méjì tẹ ọ̀kan tí yóò fọ́ wẹ́wẹ́. Tí ó bá jẹ́ tata, ẹ já ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ rẹ̀ dànù. Ẹ̀gún ẹsẹ̀ yẹn lè há sí ìfun.

Ohun kan wà tí a kì í fi ṣeré. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ edé tàbí alákàn, ara rẹ̀ lè kọ kòkòrò náà: ètè á wú, ara á máa yún un, kódà kò ní lè mí dáadáa. Nítorí náà, ẹ má fi kòkòrò pamọ́ sínú oúnjẹ ẹnikẹ́ni láìsọ fún un. Àrà la fẹ́ dá, a kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ọmọ tí wọ́n bá tàn jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó lè má tún gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín mọ́.

Ìyẹ̀fun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Ẹ lọ ìrẹ̀ yíyan náà kúnná, kí ẹ sì jọ̀ ọ́. Gíráàmù 10 rẹ̀ sínú gíráàmù 90 ìyẹ̀fun àlìkámà tó fún ìgbà àkọ́kọ́. Tí ó bá pọ̀ jù, búrẹ́dì kò ní wú, nítorí ìrẹ̀ kò ní ohun tó ń mú kí àlìkámà fà. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí erùpẹ̀, kò sì fa ojú mọ́ra. Kòkó tàbí kárọ́ọ̀tì rírin á tún un ṣe. Ní ti adùn, ó sún mọ́ ti ẹ̀pà yíyan, ìdí nìyẹn tí òun àti kòkó pẹ̀lú atalẹ̀ fi ń bá ara wọn mu.

Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ wọ̀ ọ́

Ibí ni mo ti rí àyípadà jù. Ẹ po ìyẹ̀fun bisikíìtì, kí ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìṣù kan. Kí ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí ó fi ẹnu ife gé e ní róbótó, kí ó sì dá a sí méjì: ìyẹ́ labalábá nìyẹn. Kárọ́ọ̀tì tẹ́ẹ́rẹ́ ni ara rẹ̀, eyín fọ́ọ̀kì ni yóò fi fa ìlà sára ìyẹ́. Ọmọ kan wà tó dimú nígbà tí mo ṣí ike ìyẹ̀fun ìrẹ̀. Nígbà tó ṣe labalábá tirẹ̀ tán, ó jókòó ti ààrò títí ó fi jinná, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ìyẹ́ òsì ló kọ́kọ́ bù jẹ. Ó ní kí òun tún ṣe òmíràn.

Ẹ má kánjú. Ìràwọ̀ àti ẹja ni kí bisikíìtì kọ́kọ́ jọ, labalábá lẹ́yìn náà. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó gbé odindi kòkòrò sójú àwo, ẹyọ kan ṣoṣo sì ni, bí ohun ọ̀ṣọ́. Ìdin yíyan (ìdin jíjẹ tí wọ́n ń pè ní mealworm, kì í ṣe ìdin eṣinṣin) rọrùn fún ojú ju ìrẹ̀ lọ, torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò hàn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ́n ọn sórí ọ̀dùnkún gígún nígbà tí ẹ bá fẹ́ jókòó jẹun gan-an, yóò máa dún lábẹ́ eyín. Tí ẹ bá tètè wọ́n ọn, ooru á mú un rọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ di ìdánwò ìgboyà. "Tó o bá láyà, jẹ ẹ́" máa ń mú kí ọmọ jẹ ẹ́ lónìí, kò sì ní fẹ́ rí i lọ́la. Ẹ ní kí ọmọ fúnra rẹ̀ sọ oúnjẹ náà lórúkọ.

Fún ẹni tó fẹ́ tà

Inú ike tó dé pinpin, níbi tó tutù tí oòrùn kì í dé, ni kí ìyẹ̀fun wà, torí ọ̀rá inú rẹ̀ máa ń kan. Èyí tí ẹ bọ̀ tí ẹ kò yan gbẹ, fíríìjì ni ibùgbé rẹ̀. Bíbọ̀ kì í pa gbogbo kòkòrò àìfojúrí. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU), tó fọwọ́ sí ìdin mealworm gbígbẹ fún jíjẹ lọ́dún 2021, òfin ní kí ìkìlọ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ lè kọ̀ ọ́ wà lára ọ̀rá tí wọ́n dì í sí. Bí òfin kò tilẹ̀ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán labalábá: "Ìrẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ edé tàbí alákàn, kó má jẹ ẹ́."