Bó o ṣe máa ka aṣọ lórí ìtàgé

Okun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àwọn àbúrò tó ń kọ́ tíátà máa ń bi mí pé báwo làwọn ṣe máa kọ nípa àmì àṣà nínú eré. Má bẹ̀rẹ̀ látorí ìtumọ̀. Mú nǹkan kan, ká ní aṣọ, kó o máa ṣọ́ ọ: ta ló wọ̀ ọ́, ta ló bọ́ ọ, ta ni ò jẹ́ fọwọ́ kàn án.

Wo Death and the King's Horseman tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1975. Pilkings, òyìnbó tó jẹ́ D.O. (ọ̀gá ìjọba amúnisìn tó ń bójú tó àgbègbè náà), àtìyàwó ẹ̀ gbé ẹ̀kú eégún wọ̀, wọ́n ń jó táńgò, ni Àmúsà ọlọ́pàá bá yọ sí wọn, ẹ̀rù bà á gan-an. Mùsùlùmí ni o! Òun ló mú àwọn tó dá wàhálà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ẹ̀kú ọ̀hún, àmọ́ ó ní eégún gangan, òun ò fọwọ́ kàn án. Tó o bá kọ pé "eégún ni baba ńlá wa" tó o sì kọjá lọ, kò tíì sí nǹkan tó o sọ. Ọwọ́ Àmúsà yẹn ni kó o kọ nípa ẹ̀.

Ibi tá a ti máa ń ṣìnà láàárín àwa ará Kogí nìyí. Níbẹ̀rẹ̀ eré, àwọn obìnrin ọjà da aṣọ olówó iyebíye bo Ẹlẹ́ṣin, ìyẹn ẹmẹ̀wà ọba tó yẹ kó bá ọba tó wàjà lọ, àlàárì àti sányán, àlàárì sì pupa. Ní Bùnú tiwa ní Kogí, aṣọ pupa là ń pè ní ìpo, aṣọ ìsìnkú àwọn èèyàn ńlá, eégún náà ń lò ó. Nígbà tá a ń ṣe rìhásà ní Kábbà, màmá àgbà kan rí aṣọ pupa tí wọ́n dà bo Ẹlẹ́ṣin, ó ní "ta ló kú?" bẹ́ẹ̀ ẹnì kankan ò tíì kú. Mo sáré lọ kọ ọ́ pé aṣọ pupa inú eré náà, ikú ni. Irọ́ ni. Aṣọ ẹ̀yẹ ni àlàárì lọ́dọ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́ sì leré ti wáyé.

Torí náà ya mẹ́ta yìí sọ́tọ̀: ohun tó wà nínú ìwé eré, ohun tí ẹni tó ṣètò aṣọ ṣe, àti ojú tíwọ fi wò ó látilé. Má ju ẹ̀kẹta nù o, ìbéèrè màmá yẹn dáa ju gbogbo ohun tí mo kọ lọ, ṣáà sọ pé ojú ará Bùnú ni.

Kó o sì bi ẹni tó ṣètò aṣọ. Tiwa ní ohun tí wọ́n rí rà lọ́jà nìyẹn. Mi ò pa tèmi rẹ́, mo kàn fi èsì ẹ̀ sábẹ́ ẹ̀.