Bí A Ṣe Ń Yẹ Ẹ̀sùn Pípín Ìbò Wò ní New Zealand

Bí wọ́n bá fẹ̀sùn kan ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré ti àwọn Māori, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ New Zealand, pé ó ń rọ àwọn olùdìbò láti pín ìbò wọn, ìyẹn kí wọ́n dìbò fún ẹgbẹ́ kan, kí wọ́n sì yan olùdíje ẹgbẹ́ mìíràn, ìwé ìdìbò ni kí o kọ́kọ́ wò. Apá méjì ló ní: ọ̀kan fún ẹgbẹ́, èkejì fún olùdíje ẹkùn, òfin kò sì sọ pé kí méjèèjì bára mu.

Lẹ́yìn náà, ṣe ìṣirò, torí ibẹ̀ gan-an ni awuyewuye ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìbò ẹgbẹ́ ló ń pinnu iye ìjókòó tó tọ́ sí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú 120, àmọ́ ẹni tó bá wọlé ní ẹkùn rẹ̀ kì í pàdánù ìjókòó rẹ̀. Lọ́dún 2008, ẹgbẹ́ Māori gba ẹkùn 5 nínú ẹkùn 7 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn olùdìbò Māori, bẹ́ẹ̀ ìjókòó 3 péré ni ìbò ẹgbẹ́ wọn, tí kò tó ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún, tó láti gbà. Ilé aṣòfin sì di ẹlẹ́ni 122. Àwọn kan á pè é ní màgòmágó. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀.

Dípò ìyẹn, àdéhùn ìkọ̀kọ̀ láàárín ẹgbẹ́ méjì ni kí o wá. Àjọ elétò ìdìbò máa ń tẹ ìṣirò ìbò tí àwọn olùdìbò pín jáde fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Fi í wé ohun tí àwọn olùdíje sọ ní gbangba.