Ẹrẹ̀ tí a fi ń gbẹ́ kànga, láti ara amọ̀ ilé àti sítáàṣì gbágùúdá

Níbi tí ilẹ̀ bá jẹ́ iyanrìn, bíi Èkó àti Ìkòròdú, ẹrẹ̀ ló ń di ara kànga ẹ̀rọ mú kó má baà wó kí páìpù tó wọlé. Òun náà ló ń gbé iyanrìn tí bíìtì (ẹnu irin tó ń gé ilẹ̀) gé gòkè. (Lórí àpáta Ìbàdàn, afẹ́fẹ́ ni wọ́n sábà fi ń gbẹ́.) Bentonite òkè òkun, amọ̀ tó ń mu omi wú gan-an, ni ọ̀pọ̀ ń rà fún iṣẹ́ yìí, ó sì wọ́n. Amọ̀ ilé lè ṣe é, bí ẹ bá mú èyí tó yẹ.

Ẹ sá amọ̀ kó gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ fi asẹ́ 75 máíkírónì jọ̀ ọ́. Ẹ wọn gíráàmù 2, kí ẹ máa wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ sórí omi mímọ́ mílílítà 100 nínú sílíńdà onílà, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bentonite onísódíọ̀mù gidi á wú dé mílílítà 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wú rárá, kaolin ni, irú amọ̀ funfun Ìjerò-Èkìtì. Kò sí sódà tó lè sọ ọ́ di bentonite. Èyí tó wú níwọ̀nba ni ká mú: kálísíọ̀mù ló há sínú rẹ̀, sódíọ̀mù ló sì máa lé e jáde.

Sódà áàṣì (sódíọ̀mù kábónéètì) lẹ ó lò. Káún ọjà kò ṣe é gbára lé, torí ìdọ̀tí inú rẹ̀ kì í dọ́gba. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kílò 4 fún 100 kílò amọ̀ gbígbẹ, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ dán 2 sí 6 wò ní kékeré: bí sódà bá ti pọ̀ jù, agbára amọ̀ á tún wálẹ̀. Ẹ fi omi pò ó bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì, ẹ fi ọ̀rá bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ máa pò ó lójoojúmọ́. Oòrùn ni kí ẹ fi gbẹ ẹ́. Iná tó le máa ń bà á jẹ́. Ẹ tún un lọ̀, ẹ tún un jọ̀.

Fún lítà 1,000, ẹ yọ lítà 45 omi sọ́tọ̀ fún sítáàṣì. Ẹ tú sódà sínú ìyókù títí bébà pH á fi fi 8.5 sí 9.5 hàn, lẹ́yìn náà ẹ máa wọ́n amọ̀ kílò 60 sí i bí ẹ̀rọ ṣe ń rò ó. Bí ẹ bá da àpò lé e lẹ́ẹ̀kan, á di kókó tí inú rẹ̀ gbẹ. Ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú.

Àárọ̀ ni sítáàṣì tó kàn. Kílò 5 nínú lítà 5 omi tútù. Ẹ da omi híhó lítà 40 lé e, kí ẹ máa rò ó títí á fi mọ́ gaara, kí ẹ tó dà á sínú ẹrẹ̀. Sítáàṣì tútù kàn ń rì ni. Èyí tó jinná ló ń dí ihò ara ògiri kànga. Ẹ má fi ṣáájú amọ̀ o: á bo amọ̀ lára, amọ̀ ò sì ní lè mu omi mọ́.

Fúnẹ́ẹ̀lì Marsh la fi ń wo bí ẹrẹ̀ ṣe ki tó: mílílítà 946 omi lásán ń jáde nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 26. Ẹrẹ̀ yìí yẹ kó gba 35 sí 45. Ìwúwo rẹ̀ á wà ní bíi kílò 1.04 fún lítà kan. Tó bá kọjá 1.10, iyanrìn ló wọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó rọ̀ sísàlẹ̀ ọ̀fìn. Lórí ẹ̀rọ ìsẹ́, tó ń fi agbára 100 psi ti omi ẹrẹ̀ gba inú bébà kọjá, òdiwọ̀n API (àjọ epo rọ̀bì Amẹ́ríkà) fún bentonite ni pé omi tó jáde ní ìṣẹ́jú 30 kò gbọdọ̀ ju mílílítà 15 lọ. Ẹ yọ bébà rẹ̀, kí ẹ fi ìka kàn án: èèpo tó fẹ́lẹ́, tó ń yọ̀, ni a ń wá. Èyí tó nípọn ló ń di páìpù mú.

Bí símẹ́ńtì bá kàn án, á ṣù lójijì. Sódà ìpo-búrẹ́dì, díẹ̀díẹ̀, ni oògùn rẹ̀. Bó bá ṣàn jù tó sì ń rùn kíkan, sítáàṣì ti bàjẹ́, ẹ dà á nù. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó ju ọjọ́ méjì lọ.

Sítáàṣì tó ṣẹ́kù nínú kànga, oúnjẹ kòkòrò ni. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ kànga, ẹ lo kílórínì oníyẹ̀fun 65%, gíráàmù 77 fún lítà 1,000 omi inú rẹ̀, kó sùn síbẹ̀ mọ́jú, kí ẹ tó fa omi jáde títí òórùn rẹ̀ á fi lọ.