Bí mo ṣe rí ohun tó ń fa káàtì wa sẹ́yìn nínú kọ́nà

Kọ́nà kan wà lórí ọ̀dà tí a ti ń fi káàtì, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń sáré ìdíje, sáré ní Kubwa, Abuja níbí. Oṣù méjì gbáko ni mo fi bá kọ́nà yẹn fà á. Téèyàn bá wò ó, kò dà bí ohun tó le, ó kàn ká bí ìwọ̀ ẹja ni. Awakọ̀ á sáré débẹ̀, á tẹ búréèkì, á ká sitẹ́rìn dópin, á sì tún kọjú síbi tó ti ń bọ̀. Nínú àwọn kọ́nà yòókù tó fẹ̀, káàtì wa ń lọ geere. Tó bá ti wọ kọ́nà ìwọ̀ yìí, ohùn ẹ́ńjìnnì á rọlẹ̀, ṣe ló máa ń dà bíi pé ẹnì kan di ìdí rẹ̀ mú látẹ̀yìn.

Mẹkáníìkì ni mí. Apo Mechanic Village ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, Tóyótà ni mo sì ń tún ṣe jù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 16, ló kó mi wọ ọ̀rọ̀ káàtì. Láti kékeré ló ti máa ń jókòó ti tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tí Formula 1, ìdíje eré ọkọ̀, bá wà. Nígbà tí ẹnì kan ní òun fẹ́ ta káàtì àlòkù, bàbá rẹ̀ rà á fún un, ó ní, "Àbúrò, ìwọ ni kóo máa bá wa bójú tó o." Mo gbà á bí iṣẹ́ ẹbí. Kò pẹ́ rárá tí mo fi ń ronú káàtì lórí bẹ́ẹ̀dì.

Fún ẹni tí kò bá tíì rí i nítòsí: páìpù irin tí wọ́n jó pọ̀ ni káàtì, pẹ̀lú ìjókòó kan, táyà kéékèèké mẹ́rin, àti ẹ́ńjìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Kò ní sípíríǹgì, kò ní ṣọ́kù. Ẹ́ńjìnnì tiwa jẹ́ 196 cc, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ ìhà ibí fi ń fa omi sí oko ẹ̀ẹ̀rùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni nǹkan yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Art Ingels ṣe káàtì àkọ́kọ́ ní California ní ọdún 1956, ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko ló gbé sí i.

Ẹ́ńjìnnì ni mo kọ́kọ́ dì mọ́, torí òun ni etí mi ń gbọ́. Mo fọ kabúrétọ̀, mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo tú kúlọ́ọ̀ṣì wò. Kúlọ́ọ̀ṣì irú káàtì yìí kì í di nǹkan mú àfi tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí kíákíá, nítorí náà tí eré bá ti já wálẹ̀ jù, á jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀, awakọ̀ á sì máa dúró kí agbára tún padà dé. Mo rò pé ó ti jẹ ni, àmọ́ ara rẹ̀ le. Mo tún fi àgbá eléyín tó ní eyín púpọ̀ sí i sẹ́yìn, kí ó lè máa já jáde nínú kọ́nà. Ó já jáde díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà gbọọrọ kò yá a mọ́. Ohun tí mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbà, mo fi tòsì dá a padà.

Ìgbà yẹn ni ọmọ náà mú àbá tirẹ̀ wá.

"Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹ́ sí i lẹ́yìn, bíi ti Formula 1. Ìyẹ́ yẹn ló ń tẹ ọkọ̀ wọn mọ́lẹ̀."

"Òótọ́ lo sọ. Èló lo máa ń sá nínú kọ́nà yẹn?"

Ó wo fóònù rẹ̀. "25 kìlómítà ní wákàtí kan, sà."

Mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé, torí mi ò fẹ́ kó rò pé mo kàn ń kọ̀ fún un ni. Afẹ́fẹ́ ló ń tẹ ìyẹ́, eré ló sì ń fún afẹ́fẹ́ lágbára. Tí eré bá dín sí ìdajì, agbára tó ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ á dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọkọ̀ tó ń sá 240, tó wá dín in kù sí 60, ìdá kan nínú 16 péré ni ìyẹ́ rẹ̀ ń ṣe mọ́. Nínú kọ́nà tó ká jù ní Monaco, ọ̀kan lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń sá ìdíje náà, níbi tí ọkọ̀ Formula 1 ti ń rọra lọ ní nǹkan bíi 50 kìlómítà ní wákàtí kan, táyà àti irin abẹ́ ọkọ̀ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ìwọ̀n ọkọ̀ pẹ̀lú ní tirẹ̀. Ní ọdún 2010, ìwọ̀n tó kéré jù tí òfin gbà jẹ́ 620 kílò. Nígbà tó fi máa di 2022, ó ti di 798, ẹrù tí táyà sì gbọ́dọ̀ fa yí kọ́nà nìyẹn. Tí ìyẹ́ kò bá lè gba àwọn yẹn sílẹ̀ ní 50, kí ló fẹ́ ṣe fún wa ní 25, ju pé ó dá kún ẹrù wa lọ?

Ó mi orí. Inú rẹ̀ kò dùn, àmọ́ ó yé e.

A wá fẹ̀sùn kan eruku. Ẹni tó bá gbé Abuja mọ bí ọyẹ́ ṣe máa ń da eruku pupa sórí gbogbo nǹkan. Àwa méjèèjì gbá kọ́nà náà ní Sátidé kan, ìgbálẹ̀ mẹ́ta ló bàjẹ́. A fi fóònù ka àkókò láti ibi táyà ògbólógbòó tí a tò sí ẹnu kọ́nà títí dé ibi èkejì tó wà ní àbájáde. Ìṣẹ́jú àáyá 6.4 ni tẹ́lẹ̀, nígbà tí a gbá a tán, ó di 6.3. Mo bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹlẹ́rìí mi ni mo gbá dànù.

Nígbà tí a padà débẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọyẹ́ ti tún da tirẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ́ rẹrẹ lórí ọ̀dà, kò sí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo ní kí ọmọ náà yí kọ́nà ìwọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì dúró. Mo bẹ̀rẹ̀, mo tẹ̀ lé ipa táyà.

Ipa mẹ́rin ló wà. Nínú kọ́nà, táyà ẹ̀yìn kì í tẹ ibi tí táyà iwájú tẹ̀, ó máa ń gé e sínú, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mẹ́ta nínú wọn mọ́, etí wọn gún, mo tilẹ̀ ń rí àmì ara táyà nínú èyí tó wà lẹ́yìn lóde. Ìkẹrin, ti ẹ̀yìn nínú, kò jọ wọ́n rárá. Ṣe ló gbo eruku náà kúrò pátá, tí dúdú ọ̀dà ń yọ, bí ìgbà tí wọ́n wọ́ àpò ìrẹsì nílẹ̀. Láti ẹnu kọ́nà títí dé àbájáde ni. Mo fi ọwọ́ kan ibẹ̀, ìyẹ̀fun rọ́bà dúdú lẹ̀ mọ́ ìka mi.

Mo dìde, mo ní, "Táyà yìí kò yí bó ṣe yẹ. Wíwọ́ ni wọ́n ń wọ́ ọ."

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ọkọ̀ tí a ń gbé lọ sí ọ́fíìsì ní díìfù, tó ń jẹ́ kí táyà òde yára ju ti inú lọ nínú kọ́nà. Káàtì kò ní in. Ọ̀pá irin kan ṣoṣo ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, iye ìgbà tí ọ̀kan bá yí ni èkejì gbọ́dọ̀ yí. Mo mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ohun tí mi ò rò dénú ni ìdí tí ó fi jẹ́ pé kọ́nà kékeré ló ń jìyà rẹ̀, tí kọ́nà ńlá kò sì mọ̀ ọ́n lára.

A mú okùn. Ọmọ náà dúró sí àárín, ó di orí okùn mú, mo fi ẹfun fa ipa méjì sílẹ̀. Láti àárín kọ́nà dé àárín ọ̀pá ẹ̀yìn káàtì jẹ́ mítà 6, àlàfo táyà ẹ̀yìn wa sì jẹ́ mítà 1.1, nítorí náà okùn ti inú gùn ní mítà 5.45, ti òde jẹ́ 6.55. A fi téèpù wọn ipa méjèèjì yípo kọ́nà: ti inú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 17.1, ti òde 20.6. Táyà òde fi nǹkan bíi mítà 3.5 rìn jù. Mo wá ṣe ìṣirò kan náà fún kọ́nà tó fẹ̀ tó mítà 30 láti àárín dé etí: 92.5 nínú, 96 lóde. Mítà 3.5 náà ni! Ọmọ náà kò gbà, ó tún un ṣírò lórí fóònù. Ìyàtọ̀ yẹn kì í yí padà bí kọ́nà bá ti yí ọkọ̀ dẹ́yìn pátá, ì báà kéré, ì báà tóbi. Ṣùgbọ́n nínú kọ́nà ńlá, táyà ní mítà tó lé ní 90 tó lè máa fi jẹ gbèsè náà díẹ̀díẹ̀. Nínú tiwa, mítà 17 péré ló ní. Fífà tó ń fà yẹn ló ń jẹ eré wa, eré tó já ló ń tú kúlọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, òun ló sì ń mú kí ẹ́ńjìnnì ké bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Oṣù méjì ni mo fi ń fún aláìlẹ́ṣẹ̀ lóògùn.

Báwo wá ni àwọn káàtì yòókù ṣe ń yí kọ́nà kékeré? Táyà ẹ̀yìn tó wà nínú gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ nílẹ̀. Sitẹ́rìn ló ń gbé e. Ọ̀pá kingpin tí táyà iwájú ń yí lórí rẹ̀ kì í dúró ṣánṣán, orí rẹ̀ máa ń dẹ̀ sẹ́yìn síhà awakọ̀. Caster ni wọ́n ń pe dídẹ̀ yìí. Ẹ wo géètì tí wọ́n gbé hínjì rẹ̀ wọ́: tí ẹ bá ṣí i sápá kan, ẹnu rẹ̀ á máa gbo ilẹ̀, tí ẹ bá ṣí i sápá kejì, á gbéra sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà iwájú. Tí a bá ká sitẹ́rìn, ti inú á tẹ ilẹ̀, ti òde á gbéra, irin káàtì á wá fì, ẹrù á kúrò lórí táyà ẹ̀yìn tó wà nínú.

Mo yá ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ara, mo gbé e sábẹ́ táyà ẹ̀yìn lápá òsì, mo fi pákó tó ga bákan náà ti àwọn mẹ́ta yòókù, ọmọ náà sì jókòó sínú káàtì. Nígbà tí sitẹ́rìn gún, 41 kílò. Nígbà tó ká a sósì dópin, 38. Kílò mẹ́ta péré! Mo gbé fóònù lé kingpin láti wọn bó ṣe dẹ̀ tó, mo bá dígírì 4. Nígbà tí mo fi ọwọ́ pa ọ̀dà ara irin náà, mo rí ojú ibi tí wọ́n ti jó o tẹ́lẹ̀. Káàtì yẹn ti gbá nǹkan rí, ẹni tó tún un ṣe sì na kingpin ṣánṣán. Sitẹ́rìn fúyẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ rà á, ó sì dùn ún wà ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń jó irin nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi. Hausa ni, ṣùgbọ́n Sábó ní Ìbàdàn ló dàgbà sí, Yorùbá rẹ̀ sì dán ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí a bí síbí. Mo ya dígírì 14 sórí páálí, mo gé e, mo gbé e fún un.

"Ọ̀gá mẹkáníìkì, ṣé o mọ̀ pé sitẹ́rìn á wúwo?"

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Ọmọ yẹn lápá?"

"Á ní in."

Ó gé e, ó fi páálí wọn ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó jó o pa. Mo tún fi wáṣà ti táyà iwájú jáde díẹ̀ lápá méjèèjì, torí pé bí wọ́n bá ṣe jìnnà síra ni gbígbé náà ń pọ̀ tó. A padà sórí ìwọ̀n: 41, sitẹ́rìn lọ sósì, 19.

Mo fẹ́ púpọ̀ sí i, àṣejù sì wọ̀ ọ́. Mo gbé ìjókòó sókè, kí ara awakọ̀ lè túbọ̀ máa ti ẹrù sóde. Káàtì bẹ̀rẹ̀ sí í ta pọ́nún-pọ́nún nínú kọ́nà. Táyà inú ń pẹ́ lókè jù, táyà kan ṣoṣo ló ń ti ọkọ̀ nígbà tí ọmọ náà bá tẹná láti jáde. Mo dá ìjókòó padà síbi tó wà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọyẹ́ ṣì wà nílẹ̀, eruku sì tẹ́ bí tàtẹ̀yìnwá. Ọmọ náà sá a lẹ́ẹ̀mẹwàá, ọwọ́ rẹ̀ sì rẹ̀ ẹ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 5.7. Ẹ́ńjìnnì kò rọlẹ̀ mọ́; ohùn rẹ̀ wọlé, ó sì jáde bákan náà. Lẹ́yìn náà a lọ sí apá ibi tí a kò tíì tẹ̀, ó yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ipa mẹ́rin wọ kọ́nà. Nígbà tó dé inú, ọ̀kan tín-ín-rín, ó pòórá, eruku ibẹ̀ sì dúró bí ọyẹ́ ṣe tẹ́ ẹ. Mẹ́ta ló ń lọ. Níwájú díẹ̀, ìkẹrin tún balẹ̀, etí rẹ̀ gún régé. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ sórí ọ̀dà tutù yẹn, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wọn àlàfo náà, ó ń kà á sókè. Ó ka mọ́kànlá.