Obì alẹ́ ló ń fa àárẹ̀ ọ̀sán mi

Fún bí oṣù mẹ́ta, tí aago 2 ọ̀sán bá ti lù, oorun á máa kùn mí nídìí máṣíìnì ìránṣọ. Ara á wúwo, apá á rọ. Lọ́jọ́ kan mo rán ọrùn bùbá oníbàárà sódì.

Mo ra oògùn ẹ̀jẹ̀, mo lò ó tán, kò sí ìyàtọ̀. Ohun mímu alágolo tí wọ́n ní ó ń fúnni lágbára kò gbé mi ju wákàtí kan lọ. Ní gbogbo ìgbà yẹn, mo ń jẹ obì gbànja lálẹ́ kí n lè parí iṣẹ́.

Obì yẹn gan-an ni ìṣòro. Káféènì, èròjà tó ń lé oorun lọ, wà nínú rẹ̀ bó ṣe wà nínú kọfí. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5, bí ìdajì rẹ̀ ṣì lè wà lára. Mo ń sùn lóòótọ́, àmọ́ oorun náà kò wọra.

Mo jáwọ́ nínú obì lẹ́yìn aago 12 ọ̀sán. Mo ń sùn ní aago 10, fóònù á wà ní pálọ̀. Láàárọ̀, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín rọ́pò búrẹ́dì àti tíì oníṣúgà. Ike omi kò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ le, orí fọ́ mi gidigidi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, aago 2 lù, n kò tilẹ̀ fura.

Ara kò rí bákan náà o. Bí ẹ bá ń sùn dáadáa tí àárẹ̀ kò lọ, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: àìtó ẹ̀jẹ̀, ibà tàbí ìtọ̀ ṣúgà lè wà nídìí rẹ̀.