Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Etí Ọmọ Tí Kò Yọ Tán

Bí wọ́n bá bí ọmọ, tí etí ọ̀tún rẹ̀ kò ju kókó ẹran bí ẹ̀pà lọ, ẹjọ́ ni àwọn ẹbí sábà máa ń kọ́kọ́ dá. Wọ́n á ní àbíkú tí wọ́n gé létí ló padà wá, tàbí kí wọ́n bi ìyá pé kí ló jẹ nínú oyún. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà oyún ni etí ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, nígbà tí ìyá míì kò tíì mọ̀ pé òun lóyún. Ẹ fi ìyá ọmọ sílẹ̀ o.

Àṣìṣe tó ń pa ọmọ lára jù ni "ẹ jẹ́ kó dàgbà ká tó ṣe é." Iṣẹ́ abẹ tó ń tún ìrísí etí ṣe lè dúró, ìgbọ́ràn kò lè dúró, torí inú ọdún àkọ́kọ́ ni ọmọ ti ń kó ọ̀rọ̀ sórí. Bí kò bá sí ihò etí, ohùn kò rọ́nà wọlé, àmọ́ ibi tó ń gba ohùn nínú lọ́hùn-ún sábà máa ń dá ṣáṣá. Ẹ̀rọ tó ń gbọn egungun orí lè gbé ohùn dé ibẹ̀.

Ẹ má fi àtẹ́wọ́ dán ọmọ wò. Ìyá àgbà á pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ á yíjú, wọ́n á ní ó ń gbọ́. Etí kan tó dá ló gbọ́ ọ. Bí Wesley Guild ní Iléṣà lẹ bímọ sí, ẹ ní kí wọ́n kọ lẹ́tà fún yín lọ sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun nílé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ifẹ̀. Kí àyẹ̀wò ìgbọ́ràn ti parí kí ọmọ tó pé oṣù 3, kí ẹ̀rọ sì wà lórí rẹ̀ kó tó pé oṣù 6. Ojú oorun ni wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò náà, pẹ̀lú wáyà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí. Ẹ má jẹ́ kó sùn lọ́nà, ẹ má sì fún un lọ́mú títí ẹ ó fi débẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ohùn tó ń gba ara egungun orí wọlé dán an wò pẹ̀lú.

Báńdì rírọ̀ ni ọmọ kékeré fi ń wọ ẹ̀rọ tó ń gbọn egungun orí yìí. Ẹ má wọ̀ ọ́ lé fìlà. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kan awọ orí lẹ́yìn etí. Bó bá dẹ̀, ohùn kò ní dé inú. Kí orí ìka kan ṣáà ráyè wọ abẹ́ báńdì.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ tàbí irin lu ihò síbi tí ihò etí kò sí. Nínú irú etí bẹ́ẹ̀, iṣan tó ń mú ojú àti ẹnu ṣiṣẹ́ lè má gba ibi tó yẹ kó gbà, bí wọ́n bá sì gé e, ojú á wọ́. Ẹ má gé kókó ẹran náà dànù, ẹ má sì lu ú fún yẹtí: òun ni oníṣẹ́ abẹ máa fi ṣe ìsàlẹ̀ etí.

Egungun rírọ̀ láti ìhà ọmọ ni wọ́n fi ń gbẹ́ etí tuntun. Àwọn kan ń ṣe é láti ọdún 6. Àwọn mìíràn ń dúró di ọdún 10, tí àyà ọmọ bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 60 yíká, kí egungun lè tó gbẹ́. Tí ẹ bá yára, etí á kéré. Tó bá jẹ́ egungun ìhà ni wọ́n fẹ́ lò, kí wọ́n ṣe etí kí wọ́n tó la ihò etí, torí àpá á ba awọ tí wọ́n fẹ́ fi bo etí jẹ́.

Etí tó dá náà ńkọ́? Ẹ má da àdí sí i. Bó bá ń ṣọyún, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lọ lọ́jọ́ náà. Níléèwé, kí etí yẹn kọjú sí olùkọ́. Bí ọmọ bá sì gbé bátìrì ẹ̀rọ mì, ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn kíákíá: láàárín wákàtí 2, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun.