Bí A Ṣe Lè Tọ́jú Pépà Mábù Tí Olóògbé Fi Sílẹ̀, Kí Ayé Sì Rí I

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin papòdà ní Àkúrẹ́, inú páálí kan lábẹ́ ibùsùn ni a ti bá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, pépà mábù tí ó ń ṣe láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ẹni tó ń ṣe é a máa wọ́n ọ̀dà sójú omi tí ó ki, a fi igi tàbí ìyarun fà á káàkiri títí yóò fi ní àrà bí òkúta mábù, lẹ́yìn náà ni yóò tẹ́ pépà lé e kí ó lè gbé àrà náà. Àwọn ará Tọ́kì ń pè é ní ebru, àjọ UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn àṣà àjogúnbá ní ọdún 2014. Alàdìrẹ tí ó gé àrà sára páànù lè tẹ̀ ẹ́ sára ogún aṣọ, ṣùgbọ́n bí pépà bá ti gbé ọ̀dà kúrò lójú omi, òjìji lásán ló kù níbẹ̀. Èyí tí a bá bàjẹ́, a kò lè rí irú rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ẹ má yára tú ẹrù náà ká. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ bí ẹ ṣe bá a, nítorí bí olóògbé ṣe tò wọ́n lè sọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e. Pẹ́ńsù rírọ̀ ni kí ẹ fi kọ nọ́ńbà sí igun ẹ̀yìn pépà kọ̀ọ̀kan, nítorí yíǹkì báírò lè là á já sójú. Ẹ kọ nọ́ńbà kan náà sínú ìwé, pẹ̀lú ohun tí àwọn tí ó bá olóògbé ṣiṣẹ́ bá rántí. Ẹ tètè lọ bá wọn. Bí ọdún tí ó ṣe é kò bá hàn, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má ṣe da àwọn tí kò dára tó nù, nítorí ara wọn ni a ti ń rí bí ó ṣe kọ́ iṣẹ́ náà.

Inú pépà fúnra rẹ̀ ni ọ̀tá kan wà. Wọ́n sábà máa ń fi omi álọ́ọ̀mù pa á kí ọ̀dà lè mú un, ṣùgbọ́n álọ́ọ̀mù tó bá ṣẹ́kù máa ń di ásíìdì bí ọdún ti ń gorí ọdún, pépà á pọ́n, á sì máa kán bí ewé gbígbẹ. Pépà tí kò ní ásíìdì ni kí ẹ fi ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ́tọ̀. Ìwé ìròyìn àtijọ́ kò yẹ, nítorí ásíìdì wà nínú òun náà. Ẹ má lo sẹ́lótéèpù, ẹ má sì fi ọ̀rá lẹ̀ ẹ́ pa. Ní Àkúrẹ́ níbí, òjò kì í fi wá sílẹ̀ bọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ gbé àpótí náà kúrò nílẹ̀ àti kúrò lára ògiri ìta, kí ọ̀rinrin àti ikán má bàa dé ibẹ̀, kí ẹ sì máa ṣí i wò lóṣooṣù. Èyí tí ó bá bu, ẹ yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn yòókù, ẹ tẹ́ ẹ sí ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kì í ṣe sínú oòrùn tí yóò ṣá àwọ̀ rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ká a kò, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi sikánà ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní 600 dpi, ìyẹn àmì 600 nínú ínṣì kọ̀ọ̀kan. TIFF, irú fáìlì tí kì í bu àwòrán kù, ni kí ẹ fi pamọ́, JPEG tí ó fúyẹ́ ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan wà ní ìlú mìíràn. Tiwa wà lọ́dọ̀ àbúrò wa ní Oǹdó.

Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti ọdún 2022 dáàbò bo iṣẹ́ ọnà fún 70 ọdún, láti ìparí ọdún tí ẹni tó ṣe é kú. Ẹni tí ó ra pépà lọ́wọ́ olóògbé ló ni pépà, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò fún un ní ẹ̀tọ́ láti tẹ àrà rẹ̀ sára káàdì kí ó máa tà á. Kí mọ̀lẹ́bí fohùn ṣọ̀kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbé e síta, nítorí Wikimedia Commons, ibi ìkó àwòrán sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ràn púpọ̀, kò ní gbà á àyàfi tí ẹ bá gbà kí ẹlòmíràn lò ó, àní fún títà pàápàá. Ẹ̀dà ni kí ẹ gbé kọ́ sára ògiri. Fún akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà tí ó bá fẹ́ rí ojúlówó, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì mímọ́, kí ẹ sì bá a yí i padà, kí ó rí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú, níbi tí nọ́ńbà àti orúkọ olóògbé wà.